Igbó Ọdẹ Tí A Fẹ́ Gbà: Lọ́wọ́ Ta Ni, Báwo Ni A Ó Ṣe Sanwó, Kí Ni A Ó Kọ Sínú Ìwé?

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ ẹgbẹ́ wa ní Minna)

  

Àwa ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ yàn láti wá igbó fún àwọn ọdẹ wa ni Akọ̀wé ní kí á wá jíṣẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa. A ó gbìyànjú kí á má kọjá rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú.

Ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi wá ni pé, kí ló dé tí ọdẹ yóò fi san owó kí ó tó wọ igbó? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló dá igbó ni? Ìbéèrè náà kò burú. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá ojú irin dé ìlú yìí, ojú irin Baro sí Kano tí wọ́n parí ní 1911, ẹni tí ó bá rìn kọjá Bosso tàbí Chanchaga díẹ̀ ti wọ igbó. Ọ̀yà, ehoro, ẹtu, aparò, awó, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ọdẹ a mú obì lọ bá baálẹ̀ abúlé, a sọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó gbà á sílé, ó parí. Bí ó bá pa ẹran, ẹsẹ̀ kan di ti baálẹ̀. Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Síbẹ̀ a kò gbọ́ pé ọdẹ gidi kan nínú àwọn bàbá wa jẹ ẹsẹ̀ baálẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní 1976, tí Minna sì di olú-ìlú rẹ̀, ilé ti gba ibi tí ẹtu ti ń jẹko. Igbó tí ó kù sí ẹ̀yìn ilé, oko ni, tàbí ilẹ̀ tí ẹnì kan ti ra tí ó fi búlọ́ọ̀kù yí ká. Àwọn ọdẹ wa ń rìn jìnnà báyìí, wọ́n sì ń wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n rí.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà wá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú àwọn ará Shiroro, Munya àti Rafi ti rí lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú ajínigbé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ abúlé ni ó tú, ọ̀pọ̀ oko ni ó di igbó. Nínú irú àkókò yìí, àgbẹ̀ wo ni yóò rí ọkùnrin mẹ́fà tí kò mọ̀ rí ní ìdájí, tí wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí àyà rẹ̀ kò ní já? Kò ní dúró bi wọ́n léèrè bóyá ọ̀yà ni wọ́n ń wá. Yóò sáré lọ ké sí àwọn fijilanté, bí Ọlọ́run kò bá sì ṣọ́ wọn, wọn kò ní délé láàyè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí ẹran jíjẹ nìkan ni a ṣe fẹ́ gba igbó. A fẹ́ kí igbó kan wà tí gbogbo àwọn tí ó yí i ká mọ̀ pé àwọn ọdẹ wa ni wọ́n ń lò ó, tí wọ́n mọ orúkọ wọn, tí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń wá.

Ó wá ku kí á mọ ẹni tí a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún wa.

Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ti Àríwá tí wọ́n ṣe ní 1962, ẹni tí òfin pè ní ọmọ ìbílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà kan tí ó ti ilẹ̀ Àríwá ṣẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àjèjì ni, kò sì lè gba ilẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí fún àwa Yorùbá: ọmọ Ọ̀ffà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ nítorí pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ọ̀ffà wà, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkirun, tí ojú irin kan náà gba ìlú rẹ̀ kọjá, di àjèjì. Àwọn méjèèjì lè máa ta gààrí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ọjà kan náà. Ohun tí ó sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa di ẹni tí ó ń fi orúkọ ọ̀rẹ́ gba ilẹ̀ nìyẹn, ẹ sì mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀yìn irú rẹ̀ yọ nígbà tí ọ̀rẹ́ bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá dé.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kò sọ pé fún ọmọ ẹ̀yà kan. Inú wa dùn sí gbólóhùn yẹn, ó sì yẹ kí ó dùn mọ́ wa. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ Gómìnà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó lè fi fún ènìyàn lò fún oko, fún ilé, tàbí fún nǹkan mìíràn. Ìjọba ìbílẹ̀ kò sì lè fi ilẹ̀ oko tí ó ju hẹ́kítà 500 lọ fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi bí Gómìnà bá fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣi òfin náà gbọ́. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ ti di ti Gómìnà, a kò jẹ baálé ilé kankan ní ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti da àárín àwọn ènìyàn rú ní ilé wa lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí á rántí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ wà nínú ohun tí ó fa ìjà náà, ní 1981 àti láti 1997 títí di 2000, bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ni àwọn méjèèjì, èdè kan náà ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Àwa tí a wà ní ìlú onílùú ńkọ́?

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní 1991, nínú ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà ń pè ní Abíóyè àti Yakubu. Àwọn adájọ́ ní Òfin 1978 kò pa àjọṣe onílẹ̀ àti ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ lò, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ lò náà ni. Kò di onílẹ̀ nítorí pé òfin tuntun dé. Nítorí náà, bí a bá gba igbó yìí, ọwọ́ méjì ni a ó wò: ọwọ́ ìdílé tí ó ni ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò fọwọ́ sí i. Bí ìdílé bá gbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kò sì fọwọ́ sí i, Òfin 1978 sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, asán ni. Bí ìjọba bá sì fọwọ́ sí i tí ìdílé kò gbà, ẹ lọ fi ojú inú wo bí ẹ ó ṣe máa ṣọdẹ níbẹ̀.

Igbó mẹ́ta ni a ti lọ wò. Èyí àkọ́kọ́ wà ní apá gúúsù ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó mú wa lọ, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó ní awọnlẹ̀ ni ó yà á. Ó fẹ́ kí á san gbogbo owó ní ọjọ́ náà gan-an. A ní kí ó mú wa lọ bá àwọn àgbà ilé rẹ̀. Ó ní bàbá òun ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n òun sì wà ní ìrìn àjò. A kúkú lọ jókòó lábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà ilé olórí abúlé, a ra fúrá mu, a sì béèrè. Kí á tó mu fúrá tán, a ti gbọ́ pé ìdílé méjì ni ó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà ní kóòtù. A dúpẹ́, a dìde.

Èkejì lẹ́wà púpọ̀, ẹran sì wà níbẹ̀ gidigidi. A rí ẹsẹ̀ ẹtu ní etí odò. Ọ̀kan nínú wa tí ó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka igbó rí ni ó tọ́ka sí òpó sìmẹ́ńtì kan tí koríko ti bò. Igbó ọba ni. Kò sí abúlé tí ó lè gba owó lórí igbó ọba, ẹni tí ó bá sì san án, owó rẹ̀ wọ omi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ pé ẹran pọ̀ níbì kan, ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ìdí tí ó fi pọ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni ti Zugurma, tí ó jẹ́ apá kan ọgbà ẹranko ti Kainji: ọdẹ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilẹ̀ ìdílé Gbagyi kan ni, ó gùn tó kìlómítà méjì, ìbú rẹ̀ sì tó kìlómítà kan, èyí tí í ṣe hẹ́kítà 200. Baálé ilé náà, àwọn arákùnrin rẹ̀ àti olórí abúlé ni ó jókòó bá wa. Lẹ́ẹ̀kejì tí a lọ, wọ́n pe àwọn ìyá ilé náà síbẹ̀, a sì dúpẹ́ pé wọ́n pè wọ́n, nítorí pé àwọn ìyá yìí ni wọ́n la wá lójú.

Wọ́n ní, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹran, ta ni yóò sọ̀rọ̀ igi ẹmì? Ẹ̀yin ará, igbó yìí kún fún igi ẹmì àti igi irú. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún, nígbà tí èso ẹmì bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, àwọn ìyá Gbagyi máa ń jí wọ inú igbó ní kùtùkùtù láti ṣà á, kí wọ́n lè fi ṣe òrí. Àwọn kan náà ni ẹ máa ń rí tí wọ́n ń gbé igi ìdáná lé èjìká bọ̀ wá sí ìgboro. Àkókò tí wọ́n ń wọ igbó ni àkókò tí ọdẹ òru ń jáde bọ̀, tí oorun ń kùn ún, tí ó sì lè rí koríko tí ó mì kí ó yìnbọn sí i. A fẹ́ kí gbogbo ọdẹ tí ó wà níhìn-ín ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹran kan kò tó ohun tí a ó fi ẹ̀mí ìyá ẹnì kan dí, kò sì sí owó ẹgbẹ́ tí ó lè tún un ṣe.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kọ sínú ìwé ni pé láti ìgbà tí èso ẹmì bá ti ń já títí yóò fi tán, kò sí ìbọn yíyìn nínú igbó náà láti ìdájí títí di ọ̀sán. Igi ẹmì àti igi irú, ti ìdílé ni, ọdẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan èso wọn. Kò sí ẹni tí yóò dáná sun igbó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kí ọ̀yà lè sá jáde. Iná tí ó bá mú ẹmì, ogún ọdún ni yóò fi ṣe ìpalára. Ọ̀nà màlúù tí àwọn Fúlàní ń pè ní búrútálì gba ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn igbó náà kọjá, a kò sì ní dẹ tàkúté sí i. Ẹran tí òfin 1985 dáàbò bò nítorí pé ó fẹ́ parẹ́ láyé, bí ẹkùn àti akika, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa gbé e wọlé. Ẹsẹ̀ ẹran ńlá kan sì wà fún baálé ilé bí ti àtijọ́. Wọn kò béèrè rẹ̀, àwa ni a ní kí á kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni a fẹ́ gbà á. Àdéhùn ilẹ̀ tí ó bá ju ọdún mẹ́ta lọ, ìwé tí lọ́yà ṣe tí a fi èdìdì dì ni òfin fẹ́. Ìwé kékeré tí ẹnì kan kọ lórí tábìlì rẹ̀ kò tó. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ilé náà kò mọ ìwé kà. Ẹni tí ó bá kọ ìwé fún wọn gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka. A ti rí ẹni tí ó gbọ́ Gbagyi tí ó sì ń kọ Hausa dáadáa. Ó sàn kí ìtumọ̀ náà gba wákàtí mẹ́rin lónìí ju kí a máa túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́ lọ́la.

Nípa ti owó, a kò ní dá iye rẹ̀ níbí, nítorí pé àwọn tí a ń bá ná an wà nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ti rò lọ! (Ẹ̀rín.) Ohun tí a lè sọ ni pé owó obì yàtọ̀ sí owó ilẹ̀. Owó obì ni èyí tí a fi kí olórí abúlé, tí a fi kí àwọn ọ̀dọ́, tí a fi wọ ilé. A ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní pè é ní owó ilẹ̀, kí ẹnì kan má bàa sọ ní ọdún tí ń bọ̀ pé a ti san díẹ̀ fún òun. Owó ilẹ̀ gan-an, lọ́dọọdún ni a ó máa san án lẹ́yìn ìkórè, sí ọwọ́ baálé ilé lójú àwọn arákùnrin rẹ̀ àti olórí abúlé, pẹ̀lú rìsíìtì. Àwọn kan nínú wa dábàá pé kí á san ti ọdún márùn-ún pa pọ̀ kí ó lè dín kù. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó ti gba owó ọdún márùn-ún tán lè gbàgbé wa ní ọdún kejì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Bí a ó ṣe pín in láàárín ara wa, ẹ jẹ́ kí á fi ṣe àpẹẹrẹ lásán. Bí owó ọdún kan bá jẹ́ ₦300,000, tí àwọn ọdẹ tí ó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́ 20, ₦15,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ ẹ̀rọ̀jà kan lè rò pé ó pọ̀, ẹni tí ń fi ẹran pípa jẹun lè rò pé kò pọ̀. Ìdajì ni a fẹ́ kí àwọn ọdẹ san, kí ẹgbẹ́ san ìdajì yòókù nínú owó òní. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló kan òun tí òun kì í ṣe ọdẹ, kí ó bi àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà léèrè àwọn tí ń ṣọ́ ẹrù wọn lóru.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà ti sọ fún wa bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ní ìpínlẹ̀ Texas, ilẹ̀ tí ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ ni ó jẹ́ ti aládàáni. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àgbọ̀nrín, àfi kí ó san owó fún onílẹ̀. Àwọn kan ń kà á ní éékà, àwọn kan ń kà á ní iye ìbọn. Ọdẹ náà sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ẹran inú igbó kì í ṣe ti onílẹ̀, ti gbogbo ará ìpínlẹ̀ ni. Ẹni tí ó sanwó kò ra ẹran, àǹfààní àtiwọ igbó ni ó rà, bí kò bá sì rí nǹkan pa títí àsìkò fi kọjá, kò sí ẹni tí yóò dá owó rẹ̀ padà. Kí àwọn ọdẹ wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti òní, kí ẹnì kan má wá bá Akápò jà ní ìparí ọdún pé aparò mẹ́ta péré ni òun rí.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Òfin ìbọn ti 1959 sọ pé ìbọn ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò bá ní in, a kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú àdéhùn yìí, ì báà jẹ́ ọmọ ta ni. Àwọn orúkọ tí ó bá wọ ìwé ni a ó mú lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé, sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti sọ́dọ̀ àwọn fijilanté, pẹ̀lú fọ́tò. Olúọ́dẹ wa yóò jókòó sí tábìlì ìkẹyìn lápá òsì lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ mú ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ àti fọ́tò méjì lọ bá a. Ẹni tí kò bá mú wọn wá lónìí lè mú wọn wá sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, kí á tó kó ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.